Elégédé Tí Wọ́n Kó Fún Ọ̀bàrà

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń wá ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tó wúwo lọ́kàn mi, òun ni mo fẹ́ kí a jọ jókòó tì lónìí, kí a má kánjú. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo ayọ̀ ni mò ń wí. Ayọ̀ tí ń sọ nínú ènìyàn nígbà tó bá gbọ́ pé ilé ọmọlàkejì rẹ̀ ti dàrú ni mò ń wí, àti èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn: ayọ̀ ẹni tó gun orí ọrọ̀ ara rẹ̀ jókòó, tó ń wo ìsàlẹ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn pé àwọn kan wà nísàlẹ̀.

Nínú ìtàn tí àwọn awo ń pa lábẹ́ Ọ̀bàrà Méjì, ọ̀kan nínú Odù Ifá, àwọn Ojú Odù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún fúnra wọn a máa lọ bí ènìyàn sí ààfin Olófin. Wọn a dífá fún un, wọn a jẹ, wọn a mu, Olófin a sì ta wọ́n lọ́rẹ kí wọ́n tó padà sílé. Nínú gbogbo wọn, Ọ̀bàrà ló kúṣẹ̀ẹ́ jù. Aṣọ rẹ̀ ti gbó. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn nígbà tí àwọn yòókù ń gun ẹṣin. Bí ó bá sọ̀rọ̀ láwùjọ, wọn a wo ojú ara wọn, wọn a rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó yá, wọn kò tilẹ̀ pè é mọ́ bí wọ́n bá ń lọ. Ojú ń tì wọ́n kí Olófin rí i láàárín wọn.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n lọ láìsí i. Olófin ṣe wọ́n lálejò, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ máa bọ̀, ó fún oníkálukú ní elégédé. Elégédé! Wọ́n gbà á, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti yọ sí ìta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ebi ń pa wọ́n, ilé Ọ̀bàrà ló sì wà lójú ọ̀nà. Wọ́n yà síbẹ̀. Ọ̀bàrà kò bi wọ́n pé èé ti rí tí ẹ fi mí sílẹ̀. Ó ní kí aya rẹ̀ kó ìwọ̀nba èlùbọ́ tó kù nílé, kí ó rokà. Adìẹ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, wọ́n pa á. Àwọn àlejò jẹ, wọ́n yó. Nígbà tí wọ́n dìde, ọ̀kan nínú wọn ní, “Kí la fẹ́ ru elégédé yìí délé ṣe? Ẹ jẹ́ ká kó o fún Ọ̀bàrà. Irú rẹ̀ ló yẹ ẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kó o jọ síwájú ilé rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Àwọn tí ń pa ìtàn yìí sábà máa ń sáré dé ibi tí wọ́n ti la elégédé. Èmi kì í fẹ́ sáré débẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ kí a gbọ́. Ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, tí òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọn kò kórìíra rẹ̀. Bó ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀ ni, wọn kì bá tí yà sílé rẹ̀. Inú wọn kàn dùn pé àwọn kì í ṣe òun ni. Ẹ̀yin ará mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le gan-an nìyẹn. Ìkórìíra ní ariwo nínú, ẹni tó ní in mọ̀ pé òun ní in. Ṣùgbọ́n ìdùnnú kékeré pé kì í ṣe èmi ni ó ṣẹlẹ̀ sí, a máa wọlé láìkànkùn, a máa jókòó nínú ẹni rere, ẹni tí ń rúbọ, ẹni tí ń ṣe ọ̀sẹ̀ Ifá lọ́rọọrún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí kò sí ohun tí wọn yóò jẹ, aya Ọ̀bàrà mú ọ̀bẹ. Ó ní bó bá ṣe elégédé la ní, elégédé la ó sè. Ó la èkíní: owó ẹyọ. Ó la èkejì: iyùn àti sẹ̀gi. Ó ń là á, ọrọ̀ ń dà sílẹ̀. Ohun tí Olófin fi pamọ́ fún àwọn tí wọ́n ní ọgbọ́n lórí, ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti yọ kúrò nínú ìgbìmọ̀ ló bọ́ sí. Ọ̀bàrà ra ẹṣin, ó dáṣọ, ó tún ilé ṣe. Ọjọ́ ìpàdé pé, ó gba ààfin lọ. Olófin wo àwọn yòókù, ó ní, “Níbo ni elégédé tí mo fún yín wà?” Wọn kò rí ẹnu fọhùn.

Ìtàn yìí bá àwọn ènìyàn wa wọ ọkọ̀ ẹrú lọ. Àwọn Lukumí ní Kúbà ń pa á, àwọn ilé òrìṣà ní Bàhíà ní Bràsíl ń pa á, bí kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ bá sì yàtọ̀ láti ilé dé ilé, elégédé kì í yí padà. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú di ìtàn yìí mú ṣinṣin. Àwọn gan-an ni wọ́n jókòó síwájú ilé nígbà náà, tí ayé ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín kọjá lọ.

Kí wá ni àṣìṣe àwọn Odù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ̀nyẹn? Wọ́n rò pé àwọn mọ inú ohun tí èèpo bò. Wọ́n wo elégédé, wọ́n rí elégédé. Wọ́n wo Ọ̀bàrà, wọ́n rí òtòṣì. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe sí méjèèjì. Orí ènìyàn pàápàá, èèpo ló bò ó. Orí òde ni gbogbo wa ń rí, orí inú ni ayé ẹni ń bá rìn, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ ríran débẹ̀ bí kò ṣe Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí oníkálukú ń yan ìpín tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mú yín dé ilé Àjàlá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Awo Àgbáyé, wà lára àwọn tó gba ìtàn yẹn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn awo. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà lọ́nà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gba ọ̀nà lọ tààrà. Afùwàpẹ́ ní òun kò lè ṣe kí òun má rí baba òun. Ó yà. Àwọn awo ilé Ọ̀rúnmìlà dífá fún un, wọ́n ní kí ó rúbọ, owó àti iyọ̀ wà nínú ohun ẹbọ náà, wọ́n sì bù nínú rẹ̀ fún un kí ó mú un dání.

Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a nílé. Wọ́n rí orí tó tò lọ bẹẹrẹ, èyí tó tóbi, tó ń dán. Wọ́n gbé èyí tó wù wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé iná kò tíì dé ara rẹ̀. Bí wọ́n ti ń bọ̀ láyé, òjò mú wọn, ó ń pa wọ́n, orí ń rọ̀, ó ń ya, ó ń jẹ dànù lọ sí ilẹ̀. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ bá oníbodè kan lọ́nà tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i fún un. Ọbẹ̀ tí oníbodè kò mọ adùn rẹ̀ rí, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó dìde, ó sin ọmọ náà lọ, ó sì tú àṣírí fún un pé onígbèsè ni Àjàlá: bí olówó bá ti dé, òrùlé ló ń sá sí. Lóòótọ́ ni wọ́n bá olówó níbẹ̀. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ wọ inú ilé, ó ń fi ọ̀pá irin lu orí kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i, títí ó fi kan èyí tó gbó dáadáa. Òjò kan náà ló pa á bọ̀ wá sí ayé. Orí tirẹ̀ kò rọ̀.

Ilé ayé dùn mọ́ Afùwàpẹ́. Ó kọ́lé, ó bímọ, ó joyè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: èwo ni tirẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀? Bí wọ́n bá dá Afùwàpẹ́ nìkan sínú ilé Àjàlá, ojú rẹ̀ ì bá mú orí tó tóbi, tó ń dán, bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò mọ orí yàtọ̀ jù wọ́n lọ. Baba rẹ̀ ló ní awo nílé. Àwọn awo ló yan ẹbọ. Oníbodè ló mọ ọ̀nà. Àjàlá ló mọ èyí tí iná ti jó gbó. Iyọ̀ tó bù fún àgbàlagbà tí ń fi eérú sebẹ̀, èyí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe, iyọ̀ náà kì í sì í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wá dé òkè nínú wa, tó ń lu àyà pé ojú òun ló là, ojú òun ló mọ ohun tó dára, ẹ jẹ́ kí ó sọ fún wa ọjọ́ tó mú ọ̀pá irin lọ́wọ́ nínú ilé Àjàlá.

Àti Oríṣẹ̀ẹ́kú. Ìtàn kò pè é ní ọ̀lẹ, kò yẹ kí àwa náà pè é bẹ́ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ju ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n gbogbo èrè rẹ̀ ni ó fi ń dí ibi tí òjò ti jẹ lára orí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ìgbà mẹ́ta tí ó kógbá sílé ní ìgbà mẹ́ta. Obìnrin tí ilé ọkọ rẹ̀ kò gbè, tó kó ẹrù ọmọ padà sílé baba rẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ẹbí dáwó jọ fún kí ó lè lọ sí òkè òkun, tí wọ́n dá padà láti pápákọ̀ òfuurufú. Ìgbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé àdúgbò, ẹ fetí sí ohun tí a máa ń sọ. “Ṣebí mo sọ?” Ẹnu tí ń sọ pé ṣebí mo sọ, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ó dà bíi pé ìmọ̀ràn ló ń rántí. Ayọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń sọ pé Ifá kọ ayọ̀. Kò kọ̀ ọ́ rárá. Ẹ̀yin tó ti jókòó ti awo rí, ẹ mọ bí ẹsẹ Ifá ṣe sábà ń parí. Ẹni tó wá dífá rúbọ, ẹbọ rẹ̀ dà, ire dé, ó bú sí ijó. Ibo ló kọjú sí nínú ijó náà? Àwọn awo rẹ̀ ló ń yìn. Àwọn awo rẹ̀ ń yin Ifá. Ifá ń yin Olódùmarè. Láti ẹsẹ dé ẹsẹ, láti Odù dé Odù, ọ̀nà tí ayọ̀ ń gbà nìyẹn: ó ń gòkè lọ bá ẹni tó rán ire wá. Mo ti ronú sí èyí títí, mo sì gbà pé kì í ṣe àṣà ìsọ̀rọ̀ lásán ni àwọn àgbà fi í ṣe. Wọ́n ń kọ́ ayọ̀ ní ọ̀nà ilé rẹ̀. Nítorí bí ayọ̀ kò bá gòkè, ẹ̀gbẹ́ ni yóò yà sí, orí ẹni tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni yóò sì bà lé.

Ẹ wo bí ó ṣe ń yà sí ẹ̀gbẹ́ lóde òní. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò á ya àwòrán rẹ̀, á gbé e sórí fóònù, á kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ojú ti ọ̀tá.” Orí ló fún un ní mọ́tò, ọ̀tá ló kọ̀wé sí. Kò dárúkọ Orí, kò dárúkọ ìyá tó bí i, kò dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tó ń fọkàn bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ire rẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ kí ojú tì. Lójú agbo àríyá pẹ̀lú, bí olórin bá ti dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀tá, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń dìde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń náwó. Bí wọ́n bá sì fi fídíò ẹni tí onílé da ẹrù rẹ̀ síta ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ̀rín ló ń tẹ̀ lé e lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín náà, ilé onílé ni wọ́n ń gbé.

Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n, Èṣe: àwọn Ajogun tí ń gbógun ti ọmọ ènìyàn nìyẹn. Wọn kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, wọn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí Òfò bá wọ ilé aládùúgbò mi lónìí, tí mo dìde, tí mo ń pàtẹ́wọ́, mo ti júwe ilé mi fún un. Àwọn àgbà ní ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rírín, bó bá ṣe igúnnugún, á wokoko mórí ẹyin ni. Wọ́n tún ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ìtàn ilẹ̀ wa kún fún irú pàṣán bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìbàdàn tí a mọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn tí ogun ti tú kúrò nílé ló pọ̀ nínú rẹ̀: ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, ará Ẹ̀gbá. Ìlú tó mọ ohun tí à ń pè ní ahoro ni. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù ọmọ Àtìbà lọ́ba, ogun sì bẹ́ láàárín Ìjàyè àti Ìbàdàn ní 1860. Kúrunmí ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ogun náà pa àwọn ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1861, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́, wọ́n fi iná sí i. Àwọn tó kù ń sá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ.

Ìbàdàn wá di ọ̀gá. Àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ jókòó sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń fi ojú onílé gbolẹ̀. Kò pé ogún ọdún tí Ìjàyè jó tí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí fi pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀ ní 1878. Àwọn ìlú náà para pọ̀ di Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé ṣíwájú ogun wọn, àwọn ará Ìbàdàn tí kò sí ẹni tó lè kò lójú mọ́ sì jókòó sójú ogun Kírìji ní ọdún dé ọdún. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú síbẹ̀ ní 1885. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ pé òun ṣẹ́gun. N kò sọ pé nítorí ẹ̀rín ni ogun fi dé. Ogun ní ìdí púpọ̀: ọ̀nà òwò, ẹrú, oyè, ìbọn. Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ẹni tí ilé wọn ti jó rí ló gbàgbé bí ilé jíjó ṣe rí. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá lọ́rọọrún. Àwọn tó ń ṣẹ́gun sábà máa ń dá Ifá dídá dúró nínú ọkàn wọn, wọ́n rò pé ohun tí Ifá fẹ́ sọ ti tán.

Ẹnì kan yóò ní, tí ẹni tó ṣubú bá jẹ́ ìkà ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Baṣọ̀run Gáà sọ ara rẹ̀ di ọba lórí ọba ní Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin ń tẹ̀ lé Aláàfin lọ sí ikú nítorí rẹ̀, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ta ni kò ní mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kú? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn baba wa fi ikú rẹ̀ ṣe: bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òótọ́. Wọn kò ní ká jó lórí ikú Gáà. Wọ́n ní ká rántí rẹ̀, kí oníkálukú sì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ifá mọ ire ìṣẹ́gun, a sì ń tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú ire àìkú, ire ajé, ire aya àti ire ọmọ. Ẹni tí a gbà lọ́wọ́ ìkà, kí ó dúpẹ́, kí ó jó, kí ó bọ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rí òkú ìkà nílẹ̀, tí a fi ẹsẹ̀ ta á, ìkà di méjì. Wọ́n pa ilé Gáà run, síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Òjó, bọ́ lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, nígbà tó sì yá, ó kó ogun padà wá gbẹ̀san. Láàárín àwọn ọdún 1830, Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ ti di igbó.

Àwa ọmọ awo gan-an ńkọ́? Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ikin wa ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń sun ọpọ́n wa níná, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wa pé ère ni baba wọn ń sìn. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde ètò Ifá dídá láàárín àwọn ohun iyebíye ìṣẹ̀dálẹ̀ ọmọ aráyé, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Ó yẹ ká yọ̀. Mo yọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí àwọn kan nínú wa ń fi ayọ̀ náà tẹ àwọn onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé pásítọ̀ kan kó sínú ọ̀ràn, tàbí pé ààfáà kan tẹ́ lọ́jà, wọ́n á máa pe ara wọn lórí fóònù bí ẹni gbọ́ ìròyìn ìkómọjáde. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ bí ẹ̀sín ṣe ń dun ni. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú wa. Egúngún ilé kan náà ló bí gbogbo wa.

Ẹ wo ìbò lọ́wọ́ ẹni tó wá dífá. Babaláwo fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni Odù tó yọ mú wá tàbí ibi. A fún ẹni náà ní owó ẹyọ tó dúró fún ire, a fún un ní egungun tó dúró fún ibi. Ó pa ọwọ́ dé, ọ̀kan wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan wà ní ọwọ́ òsì. Ẹnì kan ṣoṣo ló di méjèèjì mú. Èmi kò tíì rí ẹni tó wá síwájú ọpọ́n tí wọ́n fún ní owó ẹyọ nìkan. Ẹni tí egungun yọ fún lónìí, owó ẹyọ ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì. Ẹni tí owó ẹyọ yọ fún, kí ó wo ọwọ́ rẹ̀ kejì pẹ̀lú. Ẹbọ wà fún méjèèjì: ẹbọ kí ire má baà bọ́, ẹbọ kí ibi lè fò wá ru. Ẹni tó ní òun kò ní rúbọ nítorí pé ire ló dé fún òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù.

N kò ní yan ẹbọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìwé. Iṣẹ́ Ifá ni, ẹ lọ bi í. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí kò ṣòro. Ọjọ́ tí ire bá dé, kí a tó pe olórin, kí a tó pín aṣọ ẹbí, ká fi obì àti omi tútù bọ orí wa lówùúrọ̀, ká dárúkọ àwọn tó gbà wá débẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìyá, baba, ọ̀gá tó kọ́ wa, ẹni tó yá wa lówó ọkọ̀, oníbodè tí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá kà wọ́n tán, a ó rí i pé àyè tó kù fún ìfọ́nnu kò pọ̀. Kí a sì bù nínú ohun tí a sè ránṣẹ́ sí ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún, oúnjẹ gidi, kì í ṣe àjẹkù.

Èyí tó kù ló le jù. Ẹ ronú ẹni kan, ẹnì kan ṣoṣo, tí inú yín dùn nígbà tí ẹ gbọ́ pé ó ṣubú. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀ tó pé, ẹ mú obì, ẹ lọ sílé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àbúrò, ẹ jókòó tì í. Ẹ má ṣàlàyé ohun tó gbé yín wá, ẹ má sì gbà á nímọ̀ràn tí kò bi yín. Ẹ bi í léèrè ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ. Bí iṣẹ́ kan bá wà tí ẹ lè bá a wá, tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kan tí ẹ lè gbé, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó dìde. Bí kò bá sí, ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó tún padà wá fún un.